Wọn Ò Tíì Kú: Ọ̀rọ̀ Àwọn Huarpe àti Omi Wọn

Ẹ jẹ́ ká tara ẹ̀ṣẹ̀ tiwa bẹ̀rẹ̀. Àwa tá à ń pariwo káàkiri pé kí gbogbo èèyàn máa fi Yorùbá kọ nǹkan, a ní gbólóhùn kan tá a máa ń jù síra wa bí òkò: "Tí èdè bá ti kú, àwọn tó ni ín náà ti kú nìyẹn." Ó máa ń wọni lára. Tá a bá wá ń wá àpẹẹrẹ tá a máa fi dẹ́rù ba àwọn tí kì í sọ Yorùbá sí ọmọ wọn, a máa ń nawọ́ dé ọ̀nà jíjìn. A ó ṣa orúkọ àwọn ẹ̀yà kan jọ láti Gúúsù Amẹ́ríkà, a ó ní, "Ẹ wo àwọn wọ̀nyí, èdè wọn kú, àwọn náà sì pòórá." Orúkọ àwọn Huarpe (ẹ pè é ní Wáápè) wà lára àwọn tá a ti lò bẹ́ẹ̀. A ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A kà á níbì kan pé wọ́n ti parẹ́, a gbà á, a sì tún un sọ.

Irọ́ la pa mọ́ wọn. Àwọn Huarpe wà láàyè. Nínú ètò ìkànìyàn tí orílẹ̀-èdè Argentina ṣe ní 2010, àwọn tó ju 34,000 lọ ló sọ pé Huarpe làwọn tàbí pé ìran Huarpe làwọn ti wá. Bá a ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́, àwọn kan nínú wọn ń da ewúrẹ́ ní aṣálẹ̀ Lavalle. Àwọn kan jẹ́ tíṣà. Àwọn kan ń já èso àjàrà nínú oko olóko. Òkú kì í da ewúrẹ́.

Ẹnì kan lè ní, "Ó dáa, ẹ ṣe àṣìṣe, ẹ tọrọ àforíjì, ká máa lọ." Rárá o, ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Gbólóhùn yẹn, "wọ́n ti parẹ́," ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹni tí wọ́n bá ti kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé òkú ò lè wá béèrè ilẹ̀ bàbá ẹ̀. Kò lè wọ kóòtù. Kò lè dúró níwájú àwọn tó ṣí omi sínú oko tiwọn kó ní, "Omi mi dà?" Omi yìí gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń sọ. Òkè Andes dúró bí ògiri láàárín Chile àti Argentina. Lẹ́sẹ̀ òkè náà, lápá ti Argentina, ni agbègbè tí wọ́n ń pè ní Cuyo wà, ìyẹn ìpínlẹ̀ Mendoza, San Juan àti San Luis. Òjò ò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀. Ní ìlú Mendoza, òjò ọdún kan gbáko ò ju nǹkan bíi 200 mìlímítà lọ. Òjò oṣù kẹfà nìkan ní Èkó lè ju ìyẹn lọ dáadáa. Yìnyín orí òkè ni wọ́n gbójú lé. Tí oòrùn bá mú, yìnyín á yọ́, á di odò, odò á sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń darí odò yẹn ló máa jẹun. Àwọn Huarpe mọ̀ ọ́n. Kí àwọn ará Sípéènì tó dé rárá ni wọ́n ti ń gbẹ́ ojú omi láti ara odò wọ inú oko wọn, tí wọ́n ń gbin àgbàdo, ẹ̀wà, elégédé àti ọkà kan tí wọ́n ń pè ní quinoa, èyí tí àwọn ilé ìtajà ńláńlá ń tà ní ọ̀wọ́n gógó lóde òní bí ẹni pé òyìnbó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Lápá ìlà oòrùn, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, adágún omi wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan, ọ̀pọ̀ ni wọ́n tò tẹ̀ léra. Guanacache ni wọ́n ń pè é. Odò Mendoza àti odò San Juan ló ń já síbẹ̀. Àwọn Huarpe ibẹ̀ ń pẹja, wọ́n ń fi esùsú tí wọ́n dì pọ̀ ṣe ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì ń hun apẹ̀rẹ̀ tó fún pinpin débi pé àwọn tó kọ̀wé nípa wọn nígbà náà ní omi kì í jò nínú ẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ tó ń gba omi dúró! Àmọ́ ohun tó dùn mọ́ wa nínú jù ni bí wọ́n ṣe ń mú pẹ́pẹ́yẹ. Wọ́n á kọ́kọ́ ju akèrègbè sójú omi, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó máa léfòó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àwọn ẹyẹ á sá fún un, tó bá yá wọ́n á máa wò ó lọ́ọ̀ọ́kán, tó bá tún yá akèrègbè á di ará ilé. Ìgbà náà ni ọdẹ á wá ki orí ara ẹ̀ bọ inú akèrègbè kan, á wọ inú omi títí omi á fi mù ún dé ọrùn, á máa rìn lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Pẹ́pẹ́yẹ á rí i, á rò pé akèrègbè àná ni. Ẹsẹ̀ ni ọdẹ á ti fà á wọlẹ̀, àwọn yòókù ò sì ní fura, wọ́n á ṣáà máa lúwẹ̀ẹ́ wọn lọ. Ó pẹ́ tá a ti ń rẹ́rìn-ín ọgbọ́n yìí. Ẹni tó bá ní sùúrù tó báyìí, ẹ ò lè fi ọjọ́ kan ṣoṣo pa á rẹ́.

Wọ́n gbìyànjú ẹ̀ ṣá o. Ní 1561, Pedro del Castillo gba orí òkè kọjá láti Chile wá, ó ní òun tẹ ìlú Mendoza dó. Ní 1562, Juan Jufré ní òun tẹ San Juan dó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé: wọ́n tẹ ìlú dó, lórí ilẹ̀ tí oko wà, tí ojú omi wà, tí baálẹ̀ wà. Ètò kan sì wà tí wọ́n ń pè ní encomienda. Ọba Sípéènì á fi àwọn onílẹ̀ ta ọmọ ogun ẹ̀ lọ́rẹ, orí báyìí fún lágbájá, orí báyìí fún tàmẹ̀dò. Lágbájá á ní òun ń kọ́ wọn ní ẹ̀sìn Krístì, àwọn náà á wá máa fi iṣẹ́ ara wọn san owó ẹ̀kọ́ tí wọn ò bẹ̀bẹ̀ fún. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fi Huarpe ta lọ́rẹ ò sì gbé ní Cuyo rárá. Santiago ní Chile ni ilé wọn wà. Ìyẹn ni pé àwọn èèyàn náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ kó lọ bá wọn. Wọ́n á kó ọkùnrin kúrò lábúlé, wọ́n á fi ẹsẹ̀ gun Andes, òkè tí òtútù ẹ̀ ń pa èèyàn, wọ́n á lọ kọ́ ilé fún olówó, wọ́n á lọ ṣiṣẹ́ oko fún olóko. Ọ̀pọ̀ ò padà wá mọ́. Abúlé ń ṣófo. Àwọn tó ráyè sá, ọ̀dọ̀ adágún Guanacache ni púpọ̀ nínú wọn forí lé, àárín esùsú àti àbàtà, níbi tó ṣòro láti wá èèyàn rí.

Ní 1607, àlùfáà Jesuit kan tó ń jẹ́ Luis de Valdivia tẹ ìwé jáde ní Lima lórí èdè méjèèjì tí àwọn Huarpe ń sọ, Allentiac lápá San Juan, Millcayac lápá Mendoza. Gírámà wà níbẹ̀, àkójọ ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, kátíkísìmù àti ìbéèrè ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tó kù nínú èdè náà lórí ìwé nìyẹn. Ẹ wá wo ohun tó wà nínú ẹ̀: ó ń kọ́ àlùfáà bó ṣe máa fi èdè onílẹ̀ bi onílẹ̀ bóyá ó ti bọ Hunuc Huar, òrìṣà wọn tó ń gbé orí òkè. Ìwé tí wọ́n fi ń lé òrìṣà wọn ló bá wọn tọ́jú èdè wọn. Ìwé náà gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣègbé. 1894 ni José Toribio Medina, ọmọ Chile, tó tún ti Allentiac tẹ̀. Ti Millcayac lódindi, ó di 1943, lẹ́yìn tí wọ́n rí ẹ̀dà kan ní Cuzco. Kó tó dìgbà náà, èdè méjèèjì ti dákẹ́ lẹ́nu èèyàn.

Èdè dákẹ́. Ibi tá a ti máa ń parí ìtàn nìyí, tá a máa ń gbọn ọwọ́ nù. Àmọ́ àwọn tó ni èdè ò dákẹ́.

Báwo wá ni wọ́n ṣe "kú"? Orí ìwé ni wọ́n kú sí. Ní 1813, ìgbìmọ̀ òmìnira ní Buenos Aires fagi lé encomienda àti owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀. Ó dáa, a ò ní bú wọn fún ìyẹn. Àmọ́ látìgbà tí kò ti sí owó orí mọ́, kò sí ìdí tí akọ̀wé fi máa kọ ẹni tó jẹ́ onílẹ̀ àti ẹni tí kò jẹ́. Díẹ̀díẹ̀, àwọn èèyàn Guanacache bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ "lagunero," ìyẹn ará adágún. Ojú kan náà, ilé kan náà, ọkọ̀ esùsú kan náà, orúkọ nìkan ló yí. Ẹni tó bá wá ń ṣí ìwé lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún láti wá "Huarpe," kò ní rí wọn, á ní wọ́n ti tán. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: tí wọ́n bá pa orúkọ ìlú yín rẹ́ nínú ìwé ìjọba lóru yìí, ṣé ẹ̀yin ò ní jí lọ́la ni?

Àwọn kan tiẹ̀ wà tí kò yẹ kí wọ́n ṣì í. Domingo Faustino Sarmiento jẹ́ ọmọ San Juan gan-an, ó sì di ààrẹ Argentina láti 1868 sí 1874. Ní 1850 ó tẹ ìwé ìrántí kan jáde, *Recuerdos de provincia*, ó sì ya orí kan sọ́tọ̀ fún àwọn Huarpe nínú ẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ wọn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè ńlá kan tó ti kọjá lọ. Ó kẹ́dùn, ó sì kẹ́dùn dáadáa, torí akọ̀wé gidi ni. Lójú tiwa, ẹ̀dùn yẹn gan-an ni ìṣòro. Ẹni tó bá ń kí ọ kú ọ̀fọ̀ ara rẹ nígbà tó o ṣì wà láàyè, wò ó dáadáa, ó lè ti pín ogún rẹ.

Lásìkò kan náà tí Sarmiento wà lórí oyè, àwọn ará adágún ń gbé ohun ìjà. Santos Guayama ni orúkọ ẹ̀ gbalẹ̀ jù nínú àwọn olórí wọn. Ìjọba ń lé e kiri. Léraléra ni ìròyìn ń jáde pé wọ́n ti pa á, léraléra ló ń yọ níbòmíì, títí wọ́n fi yìnbọn pa á lóòótọ́ ní San Juan ní 1879. Ẹ rí i bí? Ó ti mọ́ wọn lára láti máa kéde ikú ará Guanacache kí ikú tó dé.

Omi ti wá kàn báyìí. Ní 1884, ìpínlẹ̀ Mendoza ṣe òfin ńlá kan lórí omi. Ẹ̀tọ́ omi di ohun tó so mọ́ ilẹ̀ oko: ẹni tó bá ní oko tí ìwé ẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba ló ní omi. Ní 1885, ọkọ̀ ojú irin dé láti Buenos Aires, ọjà ńlá ṣí sílẹ̀ fún wáìnì. Àwọn ará Ítálì àti Sípéènì ń rọ́ wọlé, oko àjàrà ń gbòòrò. Wọ́n pe ẹnjiníà ará Ítálì kan, Cesare Cipolletti, ó bá wọn sé odò Mendoza kí wọ́n lè pín in wọ inú àwọn ojú omi tó ń lọ sí oko. Dáàmù tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní. Iṣẹ́ tó dára ni, ẹni tó bá wà lókè ò ní rojọ́. Ìsàlẹ̀ odò ńkọ́? Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ò ní ìwé oko tí ìjọba mọ̀, ẹja àti ewúrẹ́ ni wọ́n ní, wọ́n sì tún jẹ́ "òkú" pẹ̀lú. Ta ló máa bá òkú pín omi?

Bẹ́ẹ̀ ni adágún Guanacache ṣe ń gbẹ. A ò ní parọ́ torí pé à ń jà: odò Desaguadero, tó ń gbé omi jáde nínú adágún náà, ń jẹ ilẹ̀, ó ń jìn sí i, ìyẹn náà sì dá kún un. Àmọ́ tí wọ́n bá ti sé odò lókè, kí ló kù tó máa dé ìsàlẹ̀? Ẹja lọ. Esùsú lọ. Ọkọ̀ esùsú di ohun tí wọ́n ń fi hàn nílé ọnà. Igi náà ò bọ́. Igi kan wà ní aṣálẹ̀ yẹn tí wọ́n ń pè ní algarrobo, èso ẹ̀ dà bí èèpo ẹ̀wà, ó dùn. Àwọn Huarpe ń lọ̀ ọ́ ní ìyẹ̀fun, wọ́n ń fi ṣe àkàrà kan tó ń jẹ́ patay, wọ́n ń fi pọn ọtí tó ń jẹ́ aloja. Òwò àjàrà fẹ́ òpó tí àjàrà máa gùn, ojú irin náà fẹ́ igi, ìlú fẹ́ èédú. Wọ́n gé algarrobo lọ rẹpẹtẹ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń mu wáìnì Mendoza, omi Guanacache ló wà nínú ife ẹ̀, igi Guanacache ló sì gbé àjàrà ẹ̀ dúró.

Lónìí, ilẹ̀ tí omi dé ní Mendoza ò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni ìlú wà, ibẹ̀ ni oko wà, ibẹ̀ ni owó wà. Tẹ́ ẹ bá rìn ní ìgboro Mendoza, ẹ máa rí ojú omi kékeré lẹ́bàá gbogbo títì, ó ń ṣàn lábẹ́ igi, igi ṣíji bo gbogbo ìlú. Ó rẹwà, a ò jiyàn. Wọ́n á sọ fún àlejò pé ọgbọ́n àwọn Huarpe àtijọ́ ni. Wọ́n á fi "àtijọ́" sí i. Àlejò á ya fọ́tò. Ẹ kọjá lọ sí àríwá ìlà oòrùn, sí aṣálẹ̀ Lavalle, níbi tí ọmọ-ọmọ àwọn tó kọ́kọ́ gbẹ́ ojú omi wà: kànga ni wọ́n ń gbẹ́, omi kànga níyọ̀, oró àásénìkì sì wà nínú ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Ọkọ̀ ni wọ́n fi ń pọn omi lọ bá àwọn kan. Ní 1999, wọ́n fi orúkọ Guanacache sínú àkọsílẹ̀ Ramsar, ìyẹn àkọsílẹ̀ àgbáyé fún àwọn ilẹ̀ olómi tó ṣe pàtàkì. A dúpẹ́. Àmọ́ àkọsílẹ̀ ni wọ́n fún wọn, wọn ò fún wọn lómi.

Orúkọ nìkan ni wọn kì í ṣahun sí. Guaymallén jẹ́ baálẹ̀ Huarpe kan. Orúkọ ẹ̀ wà lára ojú omi tó gba àárín ìlú Mendoza kọjá, ó wà lára ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù ní ìpínlẹ̀ náà, ó tún wà lára bisikíìtì aládùn kan tí tọmọdé tàgbà ń rà ní gbogbo Argentina. Angaco náà jẹ́ baálẹ̀, wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe ìjọba ìbílẹ̀ kan ní San Juan. A ti wá mọ ìwà yìí: wọ́n á fi orúkọ rẹ sọ títì, wọn ò ní jẹ́ kó o fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Ṣebí torí ilẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí pé Huarpe làwọn." A ti gbọ́ ọ. Ní 1994, wọ́n tún òfin ìpìlẹ̀ Argentina ṣe, abala 75 sì gbà pé àwọn onílẹ̀ ti wà kí orílẹ̀-èdè náà tó wà. Ní 2001, Mendoza ṣe òfin 6920, ó gbà pé àwọn Huarpe Millcayac wà, ó sì ní kí wọ́n dá ilẹ̀ padà fún àwùjọ mọ́kànlá wọn ní Lavalle. Òótọ́ ni pé látìgbà náà ọ̀pọ̀ èèyàn ti jáde síta. Kí ni ìyanu níbẹ̀? Ta ló máa pariwo orúkọ tí wọ́n fi ń bú u nígbà tí kò sí ohun tó máa rí gbà ju èébú lọ? Tí bàbá rẹ bá fi orúkọ pamọ́ torí kí wọ́n má bàa nà án, tí ìwọ wá gbé e jáde nígbà tí wọ́n sọ pàṣán kalẹ̀, ṣé irọ́ lo pa ni? Kódà, ká ní torí ilẹ̀ náà ni, ilẹ̀ ta ni?

Ilẹ̀ ọ̀hún gan-an, ìwé ẹ̀ ò yá. Òfin dé ní 2001, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń sáré tẹ̀ lé ìwé lẹ́yìn ẹ̀. Ní 2006, orílẹ̀-èdè náà ṣe òfin 26.160, pé kí ẹnikẹ́ni má lé àwọn onílẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ wọn títí wọ́n á fi wọ̀n ọ́n tán. Wọ́n ń sún un síwájú, wọ́n ń sún un síwájú. Ní oṣù Kejìlá 2024, ìjọba Milei fi àṣẹ kan ṣoṣo fòpin sí i. Ẹ wá rí ìdí tá a fi ní ọ̀rọ̀ "wọ́n ti parẹ́" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn lásán. Lẹ́nu ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀, ẹ̀rí ló jẹ́. Àwa náà sì ti bá wọn jẹ́rìí ọ̀hún látọ̀nà jíjìn, lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwa gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ fura. Argentina yìí kan náà ni orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti sọ fún gbogbo ayé pé kò ní dúdú. Mendoza yìí ni San Martín ti kó ogun ẹ̀ jọ kó tó gun Andes ní 1817 lọ gba Chile lọ́wọ́ àwọn ará Sípéènì. Dúdú pọ̀ nínú ogun ẹlẹ́sẹ̀ ẹ̀, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ kí wọ́n lè lọ jà. Lẹ́yìn náà ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í ní ogun àti àìsàn ti pa gbogbo wọn tán. Nígbà tí wọ́n wá béèrè nínú ìkànìyàn 2010 yẹn, àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 150,000 dáhùn pé ìran adúláwọ̀ ni àwọn. Ọwọ́ kan náà, gègé kan náà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ èdè, torí òun la fi ṣẹ̀. "Tí wọn ò bá sọ Millcayac mọ́, irú Huarpe wo ni wọ́n wá jẹ́?" Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan, àwọn èèyàn wa náà bi wá nígbà tá à ń mú àròkọ yìí wá. A ó fi ìbéèrè dáhùn. Ará Cuba tó ń kọ orin òrìṣà ní Lukumí, tí kò lè fi Yorùbá ná ata lọ́jà Bodija, ṣé a máa ń lé e pé kì í ṣe ọmọ wa? Kàkà bẹ́ẹ̀ ńṣe là ń yọ̀ mọ́ ọn, tá à ń pín fídíò ẹ̀ kiri, tá à ń ní, "Ẹ̀jẹ̀ ò lè parọ́." Ohun tá a yọ̀ǹda fún tiwa, kí ló dé tá ò yọ̀ǹda ẹ̀ fún Huarpe? Àwọn tí wọ́n kó kọjá òkè, tí wọ́n fi èdè wọn bi wọ́n léèrè ẹ̀ṣẹ̀, tí wọ́n pààrọ̀ orúkọ wọn nínú ìwé, àwọn náà la tún wá ń dá lẹ́bi pé wọn ò sọ èdè?

A ṣì gbà pé kí gbogbo òbí sọ Yorùbá sí ọmọ. A ò yẹ̀ lórí ìyẹn. Àmọ́ ká wá ìdí míì tá a máa fi rọ̀ wọ́n, ká yéé fi òkú ẹlòmíì dẹ́rù bà wọ́n, pàápàá òkú tó ń mí.

Àwọn kan nínú àwọn Huarpe ti ń ṣí ìwé Valdivia báyìí. Wọ́n ń ṣa ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi kí ara wọn, wọ́n ń fi sọ àwùjọ wọn lórúkọ. Ìbéèrè ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni, wọ́n ń fi ṣe ìwé ABD. Ní ti wa, a ti lọ wo àwọn àròkọ wa àtẹ̀yìnwá, a ti yọ orúkọ wọn kúrò ní gbogbo ibi tá a ti kà wọ́n mọ́ òkú. Èyí tẹ́ ẹ ti gbà sórí fóònù yín tàbí tẹ́ ẹ ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹlòmíì, ọwọ́ wa ò lè dé ibẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa á rẹ́.